Ohun Tí Mo Rí Nínú Ẹ̀jẹ̀ Bàbá

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Èkó níbí. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi àti gbogbo ẹbí wa ní Òmù-Àrán. Ooru ibí pọ̀, iná kì í sì í dúró, ṣùgbọ́n ara mi le.

Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún Bàbá, tí wọ́n gé jẹjẹrẹ inú ìfun wọn kúrò, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé. Èmi náà ni mò ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ní láàbù ilé ìwòsàn wa. Purotéènì kan wà tí jẹjẹrẹ yìí máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó lọ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé pé kí ẹ máa yọ̀.

Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ó gòkè. Mo tún un yẹ̀ wò, bákan náà ni. Mo ká ìwé èsì náà sápò, mo sọ fún Bàbá pé kẹ́míkà tí a fi ń ṣe àyẹ̀wò ti tán. Ta ni kò ní gbà, nígbà tí ọṣẹ ìfọwọ́ pàápàá ti wọ́n nílé ìwòsàn? Ní oṣù tó tẹ̀lé e, mo tún sọ bẹ́ẹ̀. Ní ibi iṣẹ́, èsì yẹn ni. Nílé, ojú wọn ni. Mi ò ríbi yà sí. Lẹ́tà yín wá dé, pé ẹ ti bá pásítọ̀ sọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ fún ìwòsàn wọn.

Bàbá ní kí n kà á sókè. Mi ò lè kà á parí. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Fúnmi, kẹ́míkà ò tán, àbí?"

Mo sunkún, mo jẹ́wọ́. Wọ́n béèrè iye ọdún tó kù. Mo ní purotéènì kì í ka ọdún fúnni, pé àìsàn ti padà ló ń sọ. Mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó ní jẹjẹrẹ náà ti dé ẹ̀dọ̀, ọ̀bẹ ò sì lè bá a níbẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró tì mí. Wọ́n ní ilé làwọn ń lọ, pé kí ẹ jẹ́ kí ìdúpẹ́ wà, torí ọdún tí àwọn fi jẹun láìsí ìrora, ọpẹ́ ni.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń bọ̀. Ilé ìwòsàn wa ń dá òṣìṣẹ́ dúró, mi ò rí ààyè gbà láti sìn wọ́n wá. Bàbá ní èmi ni kí n kọ lẹ́tà yìí, pé àwọn ò lè wo ojú yín kí àwọn sọ ọ́. Gbogbo ẹbí ni mo kọ ọ́ sí, kí ẹnikẹ́ni má baà bi wọ́n léèrè lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ fún wọn lómi, ẹ jókòó tì wọ́n.

Ọlọ́run á gbé yín ró, ìyá mi. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹ dárí irọ́ mi jì mí.

Èmi ọmọ yín,
Fúnmi