Bàbá Tó Wó Ògiri Ọgbà Rẹ̀ Nítorí Ogun Ọ̀nà Jíjìn

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi, ẹ sì kú àfojúsọ́nà mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Mo kí Ìyá mi, tí mo mọ̀ pé wọn yóò ti jókòó tì yín báyìí, tí wọ́n á ní kí Kàmọ́rù ka lẹ́tà yìí sókè dáadáa. Mo kí Kàmọ́rù àbúrò mi tó ń kà á. Mo kí ẹ̀gbọ́n yín ní Àpòmù, mo kí ará ilé wa ní Ìkirè lápapọ̀, àti àwọn tó wà lóko ní Ararọ̀mí-Òwu. Ṣé ikọ́ Ìyá ti lọ? Ṣé òjò ń rọ̀ bó ṣe yẹ fún kòkó? Ara mi le, alihamudulilahi.

Lọ́jọ́ Iléyá, ẹ bi mí lórí fóònù pé ṣé òótọ́ ni pé àwọn òyìnbó Jámánì, pẹ̀lú gbogbo owó ọwọ́ wọn, ń jókòó nínú òtútù nítorí ogun tí kì í ṣe tiwọn. Ẹ ní àwọn ọ̀rẹ́ yín ní mọ́sálásí ní irọ́ rédíò ni. Mo ní òótọ́ ni, ẹ bú sẹ́rìn-ín, fóònù sì já. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá àyè láti dá yín lóhùn. Mo sì ní kí ìwé ìròyìn bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde, kí àwọn ọ̀rẹ́ yín náà lè kà á.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe níbí. Mo ń lọ láti ilé dé ilé, mo ń wẹ àwọn arúgbó àti aláìsàn, mo ń wọṣọ fún wọn, mo ń fún wọn lóúnjẹ àti oògùn. Ìlú tí mo wà kò tóbi tó Ìkirè rárá. Òkè kan wà lẹ́yìn rẹ̀, odò kékeré sì ń ṣàn nísàlẹ̀. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ti ọyẹ́ tí a mọ̀. Omi á dì lójú títì, èémí èèyàn á máa jáde bí èéfín. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé, mo máa ń sunkún nínú bọ́ọ̀sì tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, nítorí pé mo lè rìn láàárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ kí ẹnikẹ́ni má kí mi. Ohun tó ń mú ilé móoru fún wọn ni gáàsì. Ó ń gba inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ wá láti Rọ́ṣíà, ó ń gbóná nínú irin kan lára ògiri tí à ń pè ní hítà. Kò sẹ́ni tó ń ronú nípa rẹ̀, bí a kì í ti í ronú nípa afẹ́fẹ́ tí à ń mí.

Ilé kan wà tí mo máa ń kọ́kọ́ lọ láàárọ̀. Ilé Bàbá Gẹ́ọ̀gì ni. Mo ń pè wọ́n ní Bàbá nítorí ẹnu mi kò gbà kí n pe àgbàlagbà lórúkọ lásán, ó sì ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ìyàwó wọn, Màmá Ánà, ni mo ń tọ́jú. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló mú wọn, apá ọ̀tún wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ sì ṣòro fún wọn láti sọ. Ilé náà wà ní kọ́nà, níbi tí ọ̀nà ìlú ti yí lọ sórí òkè. Ògiri òkúta ló yí ọgbà wọn ká, bàbá tó bí Bàbá Gẹ́ọ̀gì ló fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n. Igi ápù kan tó ti dàgbà wà nínú ọgbà náà, Màmá Ánà ló gbìn ín lọ́dún tí wọ́n ṣègbéyàwó.

Bàbá Gẹ́ọ̀gì yìí ni olórí àwọn tó ń bá káńsù jà. Káńsù fẹ́ gbé àwọn òpó ńlá kan sórí òkè náà, òpó tó ní apá mẹ́ta lókè tó ń yí bíi fáànù. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń yí i ni iná mànàmáná ń jáde. Bàbá ní yóò ba ojú òkè jẹ́, yóò sì máa hó ní etí àwọn. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ èèyàn jọ, wọ́n gbé káńsù lọ sí kóòtù, ẹjọ́ náà sì wà níbẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Ohun mìíràn tún wà. Kò sí bí wọ́n ṣe lè gbé apá òpó yìí gba kọ́nà ilé Bàbá kọjá láìjẹ́ pé ògiri ọgbà wó. Bàbá sì ti búra pé kò ní ṣojú òun wó.

Nígbà náà ni Rọ́ṣíà gbé ogun wọ Yukréènì. Àwọn obìnrin àti ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sá wá sí Jámánì, àwọn ará ìlú sì ń gbà wọ́n sílé. Bàbá Gẹ́ọ̀gì gba obìnrin kan tó ń jẹ́ Òlénà sí yàrá òkè. Olùkọ́ ni nílé, ọkọ rẹ̀ wà lójú ogun. Inú oṣù Mááṣì ni, yìnyín ṣì wà nílẹ̀. Inú rere Bàbá ni pé kí àlejò tó wọlé, wọ́n ti lọ tan hítà yàrá rẹ̀ dé òpin.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì tó dé. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ilé ìdáná, ó bi Bàbá pẹ̀lú ìwọ̀nba èdè Jámánì tó gbọ́ pé ibo ni ooru yàrá òun ti ń wá. Bàbá ní gáàsì ni. Ó ní ibo ni gáàsì ti ń wá. Bàbá ní láti Rọ́ṣíà ni. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́, Òlénà gun òkè lọ, ó pa hítà náà, ó wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀ jókòó. Nígbà tí ó jáde lọ rajà, Bàbá lọ tàn án padà. Ó dé, ó tún pa á. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn fún ọjọ́ bíi mélòó kan láìbára wọn jà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan Bàbá ní kó jọ̀ọ́, òtútù yóò pa á. Òlénà fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé òun kò bínú sí wọn. Ó ní òun kàn mọ̀ pé owó tí wọ́n fi ń ra ooru yìí ni àwọn yẹn fi ń ra ohun tó ń bọ́ lé òrùlé ilé òun, òun kò sì lè sùn nínú rẹ̀.

Bàbá mi, mo di aṣọ ìnura mú lọ́wọ́, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ wò. Bàbá Gẹ́ọ̀gì dìde, wọ́n pa hítà gbogbo ilé.

Ibẹ̀ ni èmi àti Bàbá Gẹ́ọ̀gì ti ní gbólóhùn asọ̀. Mo ní ti Màmá Ánà ńkọ́? Mo ní ẹ̀yin lè fara da òtútù, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò ṣàn dáadáa mọ́ nínú ara wọn, wọn kò sì lè sọ bóyá wọ́n fẹ́ tàbí wọn kò fẹ́. Bàbá ní mo sọ òtítọ́. Wọ́n wọ inú àká, wọ́n wọ́ ààrò irin àtijọ́ kan jáde, wọ́n gbé e sí yàrá Màmá, wọ́n sì ń fi igi dáná níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, yàrá Màmá ni gbogbo wa ń kóra jọ sí. Òlénà á máa hun aṣọ, Bàbá á máa ka ìwé ìròyìn sókè, èmi á sì máa bọ́ Màmá lóúnjẹ. Òórùn igi tó ń jóná yẹn máa ń gbé mi padà sí ẹ̀yìnkùlé wa, níbi tí Ìyá ti ń din dòdò. Ní yàrá yẹn ni ọkàn mi ti kọ́kọ́ balẹ̀ ní ìlú yìí.

Kó tó di òtútù ọdún yẹn, gáàsì láti Rọ́ṣíà ti dáwọ́ dúró. Wọ́n pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́, mo sì gbé Màmá Ánà lọ lórí kẹ̀kẹ́ wọn. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ohùn gbogbo wọn ṣọ̀kan. Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ní ààrò òun ti fẹ́ kú, pé kí ìjọba lọ bẹ Rọ́ṣíà kí gáàsì padà. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn mìíràn ní ìtìjú ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá kan ní kí wọ́n pa iná ojú títì, òmíràn ní ẹ̀rù ń ba òun láti rìn nínú òkùnkùn. Nígbà tí Bàbá Gẹ́ọ̀gì dìde, gbogbo wọn mọ ohun tí Bàbá fẹ́ sọ, tàbí wọ́n rò pé àwọn mọ̀ ọ́n. Bàbá ní òpó yẹn burẹ́wà lójú òun, yóò sì máa burẹ́wà títí òun yóò fi kú. Wọ́n ní ṣùgbọ́n òun ti yọ ẹjọ́ òun kúrò ní kóòtù lánàá, kí káńsù wá wó ògiri òun. Wọ́n jókòó. Láti ọjọ́ náà, àwọn kan lára ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ja ìjà yẹn kò kí wọn mọ́.

Bàbá kò jẹ́ kí káńsù wó ògiri náà. Wọ́n fọwọ́ ara wọn tú u, òkúta kan lẹ́yìn òmíràn, èmi àti Òlénà sì ń bá wọn kó o. Igi ápù ló ṣòro, nítorí òun náà wà lójú ọ̀nà. Wọ́n ti kẹ̀kẹ́ Màmá Ánà dé ìdí rẹ̀, Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n bi Màmá léèrè bóyá kí àwọn gé e. Màmá wo igi náà pẹ́, wọ́n gbé ọwọ́ òsì wọn tó ń ṣiṣẹ́ sókè, wọ́n fi kan èèpo rẹ̀, wọ́n sì mi orí pé ó dára. Bàbá sunkún. Èmi náà sunkún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí apá òpó náà dé, kò sẹ́ni tó wà nínú ilé. Ẹ̀yin tó ti rí oríṣiríṣi tírélà ní ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, ẹ ò tíì rí irú èyí. Apá kan ṣoṣo ni ọkọ̀ náà gbé, funfun, ó ń dán, ó gùn débi pé orí rẹ̀ ti kọjá ilé Bàbá Gẹ́ọ̀gì kí ìdí rẹ̀ tó yọ lókèèrè. Ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ìgbà tí wọ́n gbé ọmọ tó ń sùn. Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ṣí fìlà rẹ̀. Nígbà tó yí ní kọ́nà, ó gba orí ọgbà Bàbá kọjá, gba ibi tí igi ápù wà tẹ́lẹ̀, òjìji rẹ̀ sì kọjá lára gbogbo wa. Subuhanallahi ni mo ń wí lábẹ́nu. Kì í ṣe irin yẹn nìkan ló bà mí lẹ́rù. Mo ń wo arúgbó kan tó dúró sórí òkúta bàbá rẹ̀, tó ń wo ohun tí kò fẹ́ bó ṣe ń kọjá, tí ẹnikẹ́ni kò sì fi ipá mú un.

Bàbá mi, mo rántí ọdún tí àwọn kan fa wáyà iná ńlá gba oko wa. Wọ́n gé kòkó yín lulẹ̀, wọn kò béèrè, iná náà sì kọjá lọ síbòmíràn, Ararọ̀mí-Òwu wà nínú òkùnkùn. Nítorí náà, nígbà tí Kàmọ́rù sọ fún mi pé àwọn ọ̀dọ́ abúlé wá tọrọ ilẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ yín láti gbé iná sólà gbogbo abúlé sí, nítorí dísẹ́ẹ̀lì ti wọ́n kọjá agbára, tí ẹ sì ní kí wọ́n máa lọ, ó yé mi. Ilẹ̀ yín ni. Mi ò ní kí ẹ gbà, mi ò sì ní kí ẹ kọ̀. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé tí wọ́n bá padà wá, ẹ fún wọn ní ìjókòó, kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn dé òpin. Àwọn yìí ṣáà béèrè.

Òpó náà ti ń yí báyìí. Òlénà ṣì wà lọ́dọ̀ wa, ọkọ rẹ̀ ṣì wà láàyè, a dúpẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá Gẹ́ọ̀gì máa ń gbé àga síta, wọ́n á ti kẹ̀kẹ́ Màmá Ánà sí ẹ̀gbẹ́ tiwọn, wọ́n á kọjú sí òkè. Lánàá mo bi wọ́n bóyá ó ti ń dára lójú wọn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní rárá, ó ṣì burẹ́wà. Màmá Ánà bá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì wí pẹ̀lú ohùn tí ó ń wọ́ pé, "Ó ń yí."

Kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà. Kí oko yín so, kí ikọ́ Ìyá má padà mọ́, kí Ó jẹ́ kí n bá yín láyé láyọ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àti àwọn ọ̀rẹ́ yín ní mọ́sálásí.

Èmi ni ọmọ yín,
Rábíátù