Ìrọ̀rí Pupa Tí A Fi Rán Qiu

Màmá mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Changsha? Ṣé ẹ ń rí oorun sùn? Ìyá Àgbà ní òun kí ẹ̀yin ọmọ òun, òun kí Douzi, òun kí àwọn dókítà, òun sì kí obìnrin tó ń gbé inú fóònù yín. Kí àwọn àgbà ilé wa tó ti lọ má gbójú kúrò lára àbúrò mi. Èmi Lanxi ni mò ń kọ ọ́, torí Ìyá Àgbà ò mọ̀wé. Ìwé tèmi náà ò pọ̀, ẹ fojú fo ibi tí mo bá ti ṣì í kọ.

Ìyá Àgbà ní kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé. Abo ẹlẹ́dẹ̀ ti bímọ. Òjò ò dá, wàrà sóyà tí Ìyá Àgbà tẹ́ sórí koríko gbígbẹ kó lè bu sì ti hu irun funfun dáadáa, ó kù ká fi ata àti iyọ̀ sí i. Mo ní kí ló kan Màmá kan irun ara wàrà nísinsìnyí, ó ní ohun tí wọ́n máa ń kọ sínú lẹ́tà nìyẹn. A ti jà lórí ẹ̀. Àyà ló ń já a, kò fẹ́ kí n dé ibi ọ̀rọ̀ gan-an.

Màmá, ìrọ̀rí aláṣọ pupa tí a fi rán Qiu awakọ̀ lánàá, ẹ má jẹ́ kí Douzi gbé orí lé e. Tó bá ti gbé orí lé e, ẹ yọ ọ́. Ẹ má tú u nínú yàrá rárá. Ẹ wé láílọ́ọ̀nù mọ́ ọn, ẹ gbé e jáde, kẹ́ ẹ fọwọ́.

Ẹ̀yin lẹ sọ pé Douzi ń bì, pé kò lè jẹ ìrẹsì. Ìyá Àgbà ní ìyẹn kì í ṣe ti jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, pé omi Changsha ni kò tíì mọ̀ ọ́n. Ṣebí nígbà tí ẹ̀yin náà lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bàtà, ó bu erùpẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kànga ilé wa fún yín dání, tẹ́ ẹ̀ ń bù ú sómi mu títí inú yín fi rọ̀. Erùpẹ̀ yẹn náà ló bù. Èmi ni mo rán an sáàárín èèpo ìrẹsì inú ìrọ̀rí, kí nọ́ọ̀sì má baà rí i. Inú mi dùn nígbà tí mò ń rán an. Mo rò pé èmi náà ń ṣe nǹkan fún un.

Láàárọ̀ yìí ni mo ń fi fọ́nnu fún Dókítà Peng ní ilé ìwòsàn abúlé wa. Ojú ẹ̀ yí padà. Ó ní oògùn tó ń pa ẹ̀jẹ̀ burúkú ara Douzi ti pa àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní irú irun tó ń hù lórí oúnjẹ tó bá ti bu wà nínú erùpẹ̀, ó wà lára èèpo ìrẹsì, gbogbo wa là ń fà á símú, kì í sì í ṣe wá ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tí irú Douzi bá fà á símú, ó lè hù sínú ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀.

Ìyá Àgbà tí a jọ lọ bá a jiyàn. Ó ní òun ti ń sin irun yẹn látìgbà tí òun ti wọlé ọkọ, kò bu òun jẹ rí, tó bá dé ọ̀dọ̀ Douzi òun á bá a sọ̀rọ̀, á sì gbọ́. Dókítà Peng ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá, àwọn ọmọ ogun tó ń gbà yín lọ́wọ́ ẹ̀, ọmọ yẹn ò ní wọn mọ́." Ìyá Àgbà bá fà mí lọ́wọ́ jáde, ó ní kí n pè yín.

Àtìgbà yẹn la ti ń pè yín. Obìnrin yẹn ló ń dáhùn, tó ń ní fóònù yín ò sí ní títàn. Ìyá Àgbà ti kí i, ó ti bẹ̀ ẹ́, ó ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìrọ̀rí fún un látìbẹ̀rẹ̀, ó ní kó sáré lọ sọ fún yín. Nígbà tí obìnrin náà tún bẹ̀rẹ̀ ohun kan náà, Ìyá Àgbà ní ẹni yìí ò bímọ rí. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Dókítà Peng náà pe ọsibítù, orin ni wọ́n ń kọ sí i létí. Qiu ní ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ni òun fi ìrọ̀rí náà sí, òun ò mọ̀ bóyá ó ti dé ọ̀dọ̀ yín.

Ìyá Àgbà ti jó gbogbo koríko wàrà, ó da wàrà náà nù. Ó ń fi eérú fọ èékánná ẹ̀ títí ó fi bó. Mo ní kó tẹ ìka ẹ̀ sísàlẹ̀ lẹ́tà bó ṣe máa ń ṣe, ó ní òun ò ní fọwọ́ kan ohun tó ń lọ sọ́dọ̀ Douzi.

Ibí yìí ló máa ń ní kí n ti tọrọ owó lọ́wọ́ yín. Lónìí ó ní ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. A ń bá Qiu bọ̀ ní ìdájí ọ̀la, èmi àti òun tí kò wọkọ̀ kọjá afárá rí. Ẹ̀ṣọ́ ló máa gbé lẹ́tà yìí wọlé fún yín. Àwa ò ní wọlé.

Ohun tó ń tọrọ nìyí. Ẹ mọ̀ pé kì í fẹ́ kí nǹkan funfun sún mọ́ orí ọmọdé, torí òun là ń wé mọ́rí tí a bá ń sin òkú. Ṣùgbọ́n ó ní tó bá jẹ́ ìrọ̀rí funfun ti ọsibítù ni Douzi gbé orí lé, kẹ́ ẹ gbé e sókè lójú fèrèsé. A wà nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì.

Douzi á dàgbà, á sin Ìyá Àgbà, á sin ẹ̀yin náà. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká rí funfun.

Lanxi ọmọ yín