Káàdì Alájàrà fún Ọjọ́ìbí Bàbá

Ọgbà Àjàrà Klipwilg,
Robertson.
Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Keje, 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi Sarlina tí mo fẹ́ràn,

Ẹ kú òtútù o. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà, ẹ̀yin àti ọkọ yín? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ikọ́ Dorita ti lọ? Ara tiwa le níbí. Orúnkún Màmá nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu, ẹ sì mọ̀ pé wọn ò ní gbà pé ó ń dun àwọn.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ìbí Bàbá tí ẹ ò ráàyè wá ni mo fẹ́ sọ. Wọ́n pé àádọ́rin ọdún ní Sátidé tó kọjá. Ẹ mọ bó ṣe rí láàárín èmi àti wọn láti ìgbà tí mo ti fi iṣẹ́ ọgbà àjàrà sílẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìwé nígboro. Ọdún méjì gbáko ni wọn ò bá mi sọ̀rọ̀. Tí a bá ń jẹun, Màmá ni wọ́n á kọjú sí: "Sọ fún ọmọ rẹ kó gbé iyọ̀ síhìn-ín." Ó dùn mí gan-an, mi ò purọ́. Mo wá pinnu pé káàdì ọjọ́ìbí tí mo bá fọwọ́ ara mi ṣe ni n ó fi wá ojúure wọn. Bí wọn ò bá gbà á, mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe mọ́.

Bàbá ò mọ̀wé kà, àwòrán ló gbọ́dọ̀ gbẹnu mi sọ̀rọ̀. Ọ̀gá mi ní ṣọ́ọ̀bù, Ìyáàfin Hendrina, yá mi ní òǹtẹ̀ rọ́bà mẹ́ta: ìgò wáìnì, ife, àti ṣírí àjàrà kan. Mo tẹ ìgò sórí bébà líle, mo mú máàkà pupa pé kí n kùn ún, ni gbogbo ìlà dúdú bá ṣàn kiri. Íńkì tí mo lò ò bá máàkà yẹn mu. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín títí. "Marelda, ṣé ìgò nìyẹn àbí aṣọ tí wáìnì dà sí? Mú íńkì kejì, kó o sì jẹ́ kó gbẹ kó o tó fọwọ́ kàn án!"

Mo tún un ṣe. Mo gé bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìgò náà ṣe rí, mo fi bò ó, kí àjàrà tí n ó tẹ̀ lè dà bíi pé ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà. Mo fi máàkà ya ẹ̀ka kan, mo sì ń tẹ ṣírí sí i lára. Ó dùn mọ́ mi débi pé mi ò mọ ìgbà tí ṣírí náà di méje. Mo fi àwọ̀ elése àlùkò méjì kùn wọ́n, ó sì rẹwà lójú tèmi.

Lẹ́yìn oúnjẹ ní Sátidé náà, mo gbé e fún Bàbá. Wọn ò wojú mi. Wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀bá fèrèsé, wọ́n ń wò ó títí tíì wọn fi tutù.

"Bi ọmọ rẹ pé ta ló gé ẹ̀ka àjàrà yìí báyìí," wọ́n sọ fún Màmá.

Màmá ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ó wà níwájú yín, ẹ bi í. Iṣẹ́ jíjẹ́ ti sú mi."

Ni Bàbá bá yíjú sí mi. "Marelda! Ṣírí méje lórí ẹ̀ka kan! Ṣé o fẹ́ pa igi yẹn ni? Ṣírí tó bá pọ̀ jù kì í dùn; ta ló máa mu wáìnì kíkan?"

"Mélòó ló yẹ kó wà níbẹ̀, Bàbá?"

"Méjì! Gbé sísọ́ọ̀sì wá."

Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n jókòó, wọ́n gé ṣírí márùn-ún kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ṣàlàyé èyí tó yẹ kó lọ àti ìdí rẹ̀. Ihò kún ojú káàdì náà. Wọ́n gbé e ka orí rédíò, wọ́n ní tí n bá fẹ́ ṣe ti Màmá, kí n pe àwọn kí n tó tẹ̀ ẹ́. Mo sá wọ ilé ìdáná lọ sunkún.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, kí ẹ sì bá mi gbá Dorita mọ́ra. Màmá ń kí yín. Bàbá náà ń kí yín, èmi gan-an ni wọ́n sì fẹnu ara wọn rán.

Àbúrò yín tí inú rẹ̀ ń dùn,
Marelda.