Transístọ̀ Tí Mo Fi Ojú Oníbàárà Yàn

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àti gbogbo ọmọ. Oògùn tí ẹ fi ránṣẹ́ ti jẹ́ kí orúnkún mi fúyẹ́. A ti dí òrùlé tó ń jò.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an rèé. Ọkùnrin kan gbé ampilifáyà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, transístọ̀ inú rẹ̀, èyí tó ń gbé ohùn sókè, ti jó. Mo fi tuntun sí i, mo fọwọ́ kàn án, kò gbóná rárá. Ọkùnrin náà ní, "Bàbá, ó ń dún ṣìì, ẹ ò gbọ́ ọ ni?" N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ń pààrọ̀ transístọ̀, mo ń wo ojú rẹ̀. Èyí tó mú un rẹ́rìn-ín ni mo fi òjé lẹ̀ mọ́bẹ̀.

Dókítà ní etí mi ti ń di. Àṣé kì í ṣe torí pé àbíkẹ́yìn mi kó lọ ni ilé ṣe dákẹ́ báyìí.

Tí ẹ bá pè mí lórí fóònù, "bẹ́ẹ̀ ni" lásán ni mo ń dáhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kọ̀wé sí mi. Ọlọ́run á dá yín sí fún mi. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà yín gùn, kódà bí kò bá sí ìròyìn.

Èmi àbúrò yín, onírédíò.