Abiyamọ Tí Òtútù Mú Lórí Ooru Ewé

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ẹni tó wà nínú rẹ tí a kò tíì rí. Mo gbàdúrà pé kí ìwé yìí bá yín nínú ìlera. Èmi náà wà dáadáa. Orúnkún ń dùn mí díẹ̀, àmọ́ ẹnu ò dùn mí, wàá rí i bó o bá ṣe ń kà á lọ.

Ọkọ rẹ jíṣẹ́ tó o rán an. O ní nọ́ọ̀sì ni ọ́, ojú sì ń tì ọ́ pé ìyá rẹ ń gbé obìnrin jókòó sórí ooru ewé nítorí ojú ara. O ní kí n pa iṣẹ́ náà tì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n má wulẹ̀ wá tọ́jú rẹ nígbà tó o bá bímọ. Ó dùn mí dé eegun. Iṣẹ́ tí mo fi rán ọ nílé ìwé nọ́ọ̀sì nìyẹn. Àmọ́ mo mọ̀ pé lójú tìrẹ, èmi ni ará ilé ẹni tó ń jẹ kòkòrò búburú, tí hẹ́rẹ́húrú rẹ̀ kò jẹ́ kó o sùn. Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ọ, kó o tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí yóò fi iyọ̀ àti ata sí i.

O mọ yàrá mi lẹ́yìnkùlé, pẹ̀lú àga oníhò mẹ́ta àti aṣọ tí mo fi ń bo obìnrin láti ìbàdí dé ilẹ̀. O sì mọ òfin mi. Kí n tó gbé ìkòkò sábẹ́ àga, mo gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn ẹni tó jókòó. Tí ooru bá ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ara ló ń gbóná, gbogbo ojú ló ń làágùn, èèyàn ò lè mọ ibà yàtọ̀ mọ́.

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ìyá jórinjórin àdúgbò wa mú ìyàwó ọmọ rẹ̀ wá, ọjọ́ kejìlá tó bímọ. O mọ ìyá yẹn, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bó ṣe wọlé ló ti ń ròyìn ìjà òun àti ayálégbé rẹ̀, èmi náà ń bi í léèrè, à ń rẹ́rìn-ín. Mo gbé ìkòkò wọlé, mo bo aṣọ. Mi ò kan ọrùn ọmọ ọlọ́mọ.

Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi rọra ní, "Mà, òtútù ń mú mi." Ìyá ọkọ rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni, kó jókòó jẹ́ẹ́ kí ewé ṣiṣẹ́. Ta ni òtútù ń mú lórí ìkòkò tó ń hó? Mo fa ìkòkò kúrò, mo kan ọrùn rẹ̀, ó ń jó bí iná. Mo bi í léèrè ohun tó ń jáde lára rẹ̀. Ó sọ ọ́ sí mi létí pé ó ti ń rùn láti ọjọ́ mẹ́ta, ojú ló ń ti òun. Ìyá ọkọ ní ewé máa fọ̀ ọ́. Mo ní, "Ìyá, ewé mi ò fọ èyí. Ẹ kúrò lọ́nà, ilé ìwòsàn yá." Èmi fúnra mi ni mo gbé e wọnú ọkọ̀.

Dókítà ní díẹ̀ lára ibi ọmọ ló ṣẹ́kù sínú rẹ̀ tó ti bàjẹ́, pé ká ní a pẹ́ sí i, ọ̀rọ̀ ì bá ti yíwọ́. Ọjọ́ márùn-ún ló lò níbẹ̀. Ó ti wà nílé báyìí, ó ń fọ́mọ lọ́mú. Ìyá ọkọ ń sọ kiri pé ọwọ́ mi ti bàjẹ́, oníbàárà mi sì ti dín kù. Kó máa sọ ọ́ lọ, ẹ̀mí ò bọ́.

Mo jẹ̀bi, mi ò sì ní fi pa mọ́ fún ọ. Ọdún gbọọrọ ni mo fi ń sọ fún wọn pé ooru ń fọ ilé ọmọ. Ooru ò dé ibẹ̀. Ó ń mú ìbàdí móoru, obìnrin á sì sinmi díẹ̀ níbi tí ẹnì kankan ò ti ní pè é. Ìyẹn nìkan ni mo ń sọ fún wọn báyìí. Mi ò gba aláboyún mọ́, mi ò gba ẹni tó ní egbò, ẹni tó bá sì bímọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí nọ́ọ̀sì.

Àmọ́ mi ò ní tìlẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn nọ́ọ̀sì ti bi ọmọ yẹn bó ṣe ń ṣe é kó tó wá sọ́dọ̀ mi, ó ní dáadáa ni. Lórí àga mi ló ti sọ òótọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n ni. Fi ọwọ́ ara rẹ kọ ohun tó yẹ kí n máa bi wọ́n, n ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn, ẹni tí kò bá mọ̀wé, n ó kà á fún un.

Wàá sọ̀kalẹ̀ láyọ̀. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ọwọ́ tó o fi ń gbẹ̀bí fún àwọn ẹlòmíì, ọwọ́ tó rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò gba tìrẹ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ tí kò tíì rẹ̀,
Ìyá Eléwé.

Mo tún rántí: pé kí n má wá tọ́jú rẹ, mi ò gbọ́ ìyẹn. Ọkọ rẹ kì í sọ̀rọ̀ sókè dáadáa. Mo ti ra ọṣẹ ọmọ, mo ti di ẹrù mi, ewé kankan ò sí níbẹ̀. Mo ń bọ̀. Tó o bá sì sọ fún mi pé dáadáa lo wà, mi ò ní gbà ọ́ gbọ́ títí n ó fi jókòó tì ọ́ pẹ́.