Òwú Ìdìrí Tí Ẹ Fi Ránṣẹ́

Màámi,

Ìdì òwú mẹ́ta tí ẹ ní kí n gbé lọ bá onídìrí ti dé. Ẹ ṣeun. Irun tó re lórí mi látàrí oògùn jẹjẹrẹ yìí kò tó nǹkan, ẹ má fòyà. Ara mi dá ṣáṣá. Àwọn èèyàn ló ń bí mi nínú. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ ní kí n ṣí fìlà kí òun wò ó. Ṣé orí mi wá di ìran ni? Nọ́ọ̀sì ní á tún hù, àfi bíi pé koríko ni!

Ìyá kan tó ń wa bọ́ọ̀sì la jọ ń gba oògùn. Orí wọn ń dán bí àwo. Wọn ò ní kí n ṣe sùúrù. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, "Ìwọ náà? Ìyà gbáà lèyí!" La bá jọ ṣépè fún àìsàn náà títí ẹ̀rín fi pa wá. Wọ́n fi ìdì kan nínú òwú yín hun okùn sí ìborí tiwọn, wọ́n fi ìkejì hun tèmi, kó má baà máa yọ̀ bọ́ lórí wa.

Ẹ bá mi kí bàámi. Àpótí tí mo máa ń jókòó lé láàrin ẹsẹ̀ yín tí ẹ bá ń dirí fún mi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e.

Ó ku ìdì òwú kan. Mo fi pamọ́.

Ọmọ yín.