Ìkẹ́dùn fún Ìdílé Mang Kadyo, Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Ẹ̀yìn Ìjì

Láti ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Asáẹja, Punta Bangkal
Sí Aling Benita Merced, Ligaya ọmọ wọn, àti gbogbo ìdílé

Pẹ̀lú ọkàn tó bàjẹ́, àti pẹ̀lú ìtìjú tó ti pé ọdún mẹ́fà lára mi, ni èmi Damiana Abrenica, alága ẹgbẹ́ yìí, fi ń kọ ìwé yìí sí yín. Kí n tó yin ẹni tó lọ, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bú ara mi. Gbogbo Punta Bangkal ló mọ ohun tí mo ṣe, bí mo bá sì fò ó, wọn yóò ní arúgbó yìí fẹ́ fi ikú Mang Kadyo bo ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Èmi ni mo ká síkẹ́ẹ̀tì mi sókè létíkun, lójú oòrùn, tí mo yí ìdí sí ìjì tí kò tíì lọ. Ìdí náà kì í sì í ṣe kékeré. Àwọn tó wà níbẹ̀ ṣì lè jẹ́rìí. Èmi náà ni mo lu irin tó rán ọkọ̀ mẹ́ta sínú ewu. Bí kì í bá ṣe ti ọkọ yín, Aling Benita, ìwé ìkẹ́dùn mẹ́sàn-án ni ǹ bá ti kọ lọ́dún náà, ọ̀kan nínú wọn sí ọmọ tèmi.

Mang Leocadio Merced, tí gbogbo wa mọ̀ sí Mang Kadyo, fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́ ní ibùdó tí wọ́n ti ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ní ìgbèríko wa. Bí àwọn ẹlòmíràn bá fẹ̀yìn tì, àga onítìmùtìmù ni wọ́n máa ń gbé bọ̀ wálé. Ohun tí Mang Kadyo gbé bọ̀ ni irinṣẹ́ roboto kan tó ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe wúwo tó, èyí tí àwa ń pè ní aago afẹ́fẹ́, àti máàpù òkun kan tó fẹ̀ tó ẹní. Wọ́n lẹ máàpù náà mọ́ ògiri ilé ìdáná yín. Láti ọjọ́ náà, Aling Benita, ẹ kò ní píìnì kan ṣoṣo tí ẹ lè fi mú etí aṣọ mọ́. Bí ìjì bá ti yọ ní ìlà-oòrùn báyìí, Mang Kadyo a gbọ́ ibi tó wà lórí rédíò ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, wọn a fi píìnì gún ibẹ̀ lórí máàpù, wọn a sì fi òwú pupa so ó mọ́ èyí tó ṣáájú. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn yín láti ojú fèrèsé: “Kadyo, ìjì yìí ti jẹ píìnì mi mọ́kànlá. Ṣé aṣọ ló fẹ́ rán ni?” Wọ́n á sì dáhùn pé, “Benita mi, ṣe sùúrù, ó ku méjì kó wọ òkun.”

Ìjì ọdún náà la ilẹ̀ wa já láti ìlà-oòrùn, ó gba orí òkè tó wà lẹ́yìn wa, ó sì bọ́ sínú òkun tó wà níwájú wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ márùn-ún ni ọkọ̀ kankan kò ti jáde. Àtẹ tí a fi ń sá ẹja ṣófo débi pé àwọn ológbò ti ṣí lọ sí àdúgbò mìíràn. Nígbà tó di aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oòrùn ràn, afẹ́fẹ́ rọlẹ̀, òkun sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo tan rédíò. Wọ́n ní ìjì ti jáde sókun, wọ́n sì ti mú àmì ìkìlọ̀ ẹ̀fúùfù kúrò ní agbègbè wa. Mo pa rédíò. Bí mo bá ti jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan sí i, ǹ bá gbọ́ ìyókù, pé kí àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré ṣì dúró ná. Rédíò kò ṣẹ̀. Etí mi ló kánjú.

Ẹ mọ àṣà wa. Bí ìjì bá ti jáde sókun, àwa obìnrin a sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi, a ó gbọn síkẹ́ẹ̀tì sí i lẹ́yìn kó má bàa wẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni alága á lu irin, ìyẹn àgbá gáàsì àtijọ́ tí a so rọ̀ sórí igi talisay, àwọn ọkùnrin á sì ti ọkọ̀ sómi, nítorí ẹja ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìjì kì í ní òǹkà. Àwọn yòókù gbọn tiwọn níwọ̀nba bí ọmọlúàbí. Èmi ò mọ ìwọ̀n. Mo ká tèmi dé ìbàdí, mo yí ìdí sókun, mo ní, “Máa lọ! Bí o bá délé, sọ fún ìyá rẹ pé Damiana ní kó kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́!” Gbogbo etíkun bú sẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe gbọ́ ẹ̀rín yẹn, orí mi wú, mo sáré lọ sídìí irin, mo lù ú. Ọkọ̀ mẹ́ta ti wọ omi kí n tó lù ú tán. Crispulo, ọkọ ọmọbìnrin mi, ló wà níwájú pátápátá. Èèyàn mẹ́sàn-án ni gbogbo wọn.

Nígbà náà ni mo rí Mang Kadyo tí wọ́n ń sáré bọ̀ láàárín àwọn àgbọn, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, sálúbàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́, máàpù tí wọ́n já kúrò lára ògiri ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn wọn.

“Damiana! Sọ aṣọ rẹ kalẹ̀, kò tíì lọ!”

“Ẹ̀gbọ́n, rédíò ní ó ti jáde.”

“Mo mọ̀ pé ó jáde! Wá wo ibi tó dúró sí!”

Wọ́n tẹ́ máàpù sórí iyanrìn, wọ́n sì kúnlẹ̀ tì í. “Wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó ń la ilẹ̀ wa já, láti píìnì kan sí èkejì tó àtàǹpàkò mẹ́ta. Lẹ́yìn tó wọ omi, ó di méjì. Láàárọ̀ yìí, kò tó ìdajì ẹyọ kan. Ṣé ẹni tó ń lọ sílé ló ń rìn báyìí?”

“Bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́ ni,” ni mo wí. Àwọn èèyàn tún rẹ́rìn-ín.

“Ẹnu tìrẹ ni kì í rẹ̀! Aago afẹ́fẹ́ yẹ kó ti máa gòkè láti òwúrọ̀. Kò gòkè. Ó ti tún ń sọ̀ kalẹ̀. Ìjì náà dúró sínú omi gbígbóná, ó ń sanra, ó sì ń fa ẹ̀fúùfù òjò láti ìwọ̀-oòrùn gúúsù mọ́ra. Kó tó di aago mẹ́ta, ìgbì tó máa dé ibí yóò ga ju òrùlé rẹ lọ. Ta ló wà lórí omi?”

Èmi ni gbogbo wọn ń wò. Mo ní, “Crispulo.”

Mo sáré padà sídìí irin, mo sì ń lù ú bí ẹni tí nǹkan ń ṣe. Ẹ wá wo ọgbọ́n alága yín! Irin wa kò ní ju ìtumọ̀ kan ṣoṣo lọ, òun náà ni “ẹ lọ.” Bí mo ṣe ń lù ú, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń yára sí i. Crispulo tilẹ̀ gbé ọwọ́ sókè, ó ń kí mi. Mang Kadyo já ọ̀pá gbà lọ́wọ́ mi: “Arábìnrin yìí, o ń lé wọn lọ!” Wọ́n wá kọjú sí gbogbo wa, wọ́n ní, “Ẹ fa àwọn ọkọ̀ tó kù gòkè! Ẹ fà wọ́n wọ àárín àgbọn! Bí a bá juwọ́ sí wọn, wọ́n á rò pé à ń kí wọn ni. Ọkọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn ni wọ́n máa ń bojú wẹ̀yìn wò. Bí wọ́n bá rí i pé kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ lé wọn, tí etíkun sì ṣófo, wọ́n á mọ̀ pé nǹkan ti ṣe.”

Ọkọ̀ mẹ́jọ ló wà nílẹ̀. Ẹ̀yin ìdílé wa, mi ò tíì rí ibi tí èèyàn ti ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí! Aling Upeng, ọmọ ẹgbẹ́ wa, tí ẹ̀yìn ti ń dùn láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, gbé imú ọkọ̀ kan sókè òun nìkan. Ìdí tí mo fi bú ìjì, òun náà ni mo fi ti ọkọ̀, mo sì ń ké pe gbogbo ẹni mímọ́ tí mo lè rántí orúkọ rẹ̀. Mang Kadyo kò dúró sójú kan: wọ́n á fà níbí, wọ́n á tì lọ́hùn-ún, wọ́n á wo òkun, wọ́n á ní, “Ó ku mẹ́rin! Ó ku mẹ́ta!” Ọkọ̀ keje ló ń gun iyanrìn lọ nígbà tí ìwọ Ligaya, tí o gun orí àgbá omi, fi igbe ta: “Ọ̀kan ti yí orí! Bàbá, ọ̀kan ti yí orí! Èkejì náà ti yí!” Crispulo ló yí gbẹ̀yìn, torí òun ló jìnnà jù, òun ló sì jẹ oníwọ̀ra jù. Ìgbì ńlá àkọ́kọ́ ló gbé e wọlé ní aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ọ̀kan nínú igi apá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà ṣẹ́. Mang Kadyo ti wà nínú omi dé àyà kí ẹnikẹ́ni tó ronú kàn án, wọ́n sì di okùn ọkọ̀ náà mú títí tí àwa yòókù fi bá wọn fà á.

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta, òkun ti kó gbogbo àtẹ wa lọ àti ilé ìdáná mi pẹ̀lú. Mi ò sunkún ilé ìdáná. Èèyàn mẹ́sàn-án ló jókòó nílé yín, wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n ń mu omi ata ilẹ̀ gbígbóná. Crispulo gbójú sókè, ó ní, “Màmá, ẹ̀yin lẹ lù ú pé ká lọ. Nígbà tó yá, ẹ tún lù ú pé ká yára?” Mo ní, “Mu omi rẹ, ọmọ mi.”

Ẹnì kan wá béèrè ìgbà tí ìjì náà máa kúrò. Mang Kadyo wo òwú pupa wọn pẹ́, wọ́n ní, “Ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Àríwá ni yóò gbà.” Odindi ọjọ́ méjì ni ìjì fi jókòó tì wá. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, a kún ilé ìdáná yín bámúbámú bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù. Aago afẹ́fẹ́ gbéra díẹ̀ ní aago méje. Ní aago mẹ́jọ, rédíò sọ ibi tí ìjì wà, Mang Kadyo gbé píìnì sókè, gbogbo wa ń pariwo, “Gún un! Gún un!” Àríwá ló bọ́ sí! Mo fò mọ́ Aling Benita lọ́rùn, a fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lu ìkòkò ìrẹsì. Síbẹ̀ Mang Kadyo kò gbà kí ẹnikẹ́ni jáde títí tí aago afẹ́fẹ́ fi tún gòkè ní aago kan ọ̀sán. Nígbà náà ni wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, “Damiana, ó yá, lọ lù ú.”

Láti ìgbà náà ni irin wa ti ní ìlù kejì, tó ń pe ọkọ̀ wálé. Mang Kadyo ló ṣe é, àwọn ló sì kọ́ wa bí a ṣe ń lù ú. Kì í ṣe pé wọn kò ṣì í rí. Ní ọdún kejì, wọ́n dá wa dúró ní ọjọ́ méjì nítorí ìjì tí kò yà sọ́dọ̀ wa rárá, a sì fi wọ́n ṣẹ̀sín títí. Wọ́n wọ́ sálúbàtà wọn láti ilé dé ilé, wọ́n ń sọ pé, “Ẹ má bínú, mo ṣi òwú fà.” Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n láyé mi, mi ò tíì rí èyí tó ń kan ilẹ̀kùn láti sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni wọ́n sùn, tí wọn kò jí mọ́, lẹ́ni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Aling Benita, ẹgbẹ́ wa ni yóò máa se oúnjẹ fún gbogbo ọjọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tí a ó fi gbàdúrà fún ẹni tó lọ. Ẹ má fọwọ́ kan ìkòkò. Ẹja yín yóò máa wá láti inú ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ gúnlẹ̀ lọ́jọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, títí ẹ ó fi ní ó tó. Crispulo àti àwọn mẹ́jọ yòókù ti pinnu láti tún òrùlé yín kàn kí àsìkò ìjì tó le, àwọn ni yóò sì gbé pósí Mang Kadyo lọ sí ibojì. Wọ́n ní kò sẹ́lòmíràn tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án.

Kí Ọlọ́run tó ń mú òkun parọ́rọ́ jókòó tì yín ní ilé ìdáná yẹn. Kó má jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ilé náà wúwo jù fún yín. Kó gba Mang Kadyo sí ibi tí ẹsẹ̀ wọn yóò ti sinmi, kó sì fi ọkàn yín balẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́. Àmín.

Láàárọ̀ yìí ni mo ka ìwé yìí fún ẹgbẹ́ lábẹ́ igi talisay kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín dáadáa, wọ́n sì sunkún. Bí a ṣe ń fọwọ́ sí i lọ́wọ́ ni rédíò sọ pé ìjì ti ọ̀sẹ̀ yìí ti jáde sókun. Oòrùn ràn, àwọn ọkùnrin dúró ti ọkọ̀ wọn, wọ́n kọjú sí wa, wọ́n ń retí irin. Aling Upeng ló fọwọ́ sí i gbẹ̀yìn. Ó gbé kálàmù kalẹ̀, ó wò wọ́n, ó wò mí, ó ní:

“Damiana, ta ló kù tó máa sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró?”